Bí Àyà Àgbà Bá Já, Ara Ọmọ A Gbọ̀n



Ẹni tó bá ti gbé Ajangbadi, Okokomaiko tàbí Ìbá rí lásìkò Iléyá yóò mọ ohun tí a fẹ́ sọ. Bí ó bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, àgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àdúgbò. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fa púpọ̀ nínú wọn wá láti Alaba Rago, ọjà tí orúkọ ẹran tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ti mọ́ lára, nítorí "rago" ni àwọn Hausa ń pe àgbò. Ọmọdé ni yóò já ewé fún un, ọmọdé ni yóò bu omi fún un, ọmọdé náà ni yóò sì sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, tí wọ́n bá ti kírun yídì dé, ọmọ tó ti ń fò fáyọ̀ láti ìdájí á dákẹ́ lójijì. Ọwọ́ rẹ̀ á tutù. Òmíràn á ní inú ń run òun, òmíràn á sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, òmíràn kò sì ní fẹnu kan ẹran títí ilẹ̀ ọjọ́ náà yóò fi ṣú. Àwọn àgbà á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ojo ni ọmọ yìí!"

Ṣé ojo ni lóòótọ́? Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyẹn. Kí ni ìtàn sọ nípa bí ara ọmọdé ṣe ń dáhùn sí ìbẹ̀rù, ìbànújẹ́ àti ayọ̀ àwọn tó yí i ká, ìbáà ṣe ènìyàn, ìbáà ṣe ẹranko? Kí sì ni ìdáhùn yẹn ń bèèrè lọ́wọ́ àwa òbí, ẹ̀gbọ́n àti olùkọ́ ilé-kéwú?

OHUN TÍ ÈDÈ WA TI MỌ̀

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí á fetí sí èdè tí a ń sọ lójoojúmọ́. Bí ẹ̀rù bá ba Yorùbá, àyà rẹ̀ ló já. Bí ó bá rí ohun àbàmì, orí rẹ̀ ló wú. Ìbínú, inú ló bí i. Ìtìjú, ojú ló tì í. Àlàáfíà, ọkàn ló balẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tí kò ní ẹ̀yà ara nínú. Àwọn baba wa ti mọ̀ pé ohun tó bá dé bá ọkàn, ara ni yóò kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i.

Ti ọmọdé wá ju ti àgbà lọ. Àgbà ní ẹnu tí yóò fi ṣàlàyé. Ọmọ ọdún méjì kò ní. Bí ìjà bá wà nínú ilé, kò lè sọ pé ariwo bàbá àti ìyá òun ń dẹ́rù ba òun. Inú rírun ni yóò fi sọ ọ́, tàbí ìtọ̀ orí ẹní, tàbí kí ó máa ta gìrì lójú oorun.

Bí Ọlọ́hun ṣe dá ara ni pé, bí ewu bá yọjú, ẹṣẹ́ kékeré kan tó wà lórí kídìnrín á tú oje kan sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa lù kì-kì-kì, èémí á yára, ẹ̀jẹ̀ á kúrò nínú ìfun àti awọ ara, á rọ́ lọ sínú iṣan ẹsẹ̀ àti apá, kí ènìyàn lè sá tàbí kí ó jà. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ọmọ fi ń tutù, tí inú rẹ̀ sì ń yí. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa, kì í sì í ṣe ìkẹ́ra-bàjẹ́.

ÀWỌN ỌMỌ JAʼFAR

Nínú ìtàn ẹ̀sìn wa, ìdílé kan wà tí ó yẹ kí gbogbo òbí mọ ìtàn wọn dáadáa. Ìdílé Jaʼfar ọmọ Abu Talib ni, ìbátan Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Jaʼfar kú sójú ogun ní Muʼtah lọ́dún kẹjọ Hijra, èyí tí í ṣe ọdún 629. Ìyàwó rẹ̀, Asma ọmọ Umays, wà nílé ní Mẹ́dínà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ó ti po ìyẹ̀fun, ó ti wẹ̀ fún àwọn ọmọ, ó ti fi òróró pa wọ́n lára, kò tí ì gbọ́ nǹkan kan. Ànábì wọlé, ó ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ Jaʼfar wá. Ó fà wọ́n mọ́ra, ó ń gbóòórùn wọn, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni Asma wò tó fi bèèrè bóyá ìròyìn ti dé láti ọ̀dọ̀ ọkọ òun.

Ẹ kíyè sí i pé Ànábì kò fi ìbànújẹ́ pamọ́ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ó sunkún lójú wọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà lára wọn bí ó ti ń sunkún. Lẹ́yìn náà ló pàṣẹ pé kí wọ́n se oúnjẹ fún ilé Jaʼfar, nítorí ohun tó dé bá wọn kò ní jẹ́ kí wọ́n ráyè dáná.

Abdullah, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ló sọ ìyókù nígbà tó dàgbà. Ó ní lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Ànábì tún padà wá, ó sì ní kí wọ́n kó àwọn wá. Abdullah ní nígbà tí wọ́n kó àwọn dé iwájú rẹ̀, àwọn dà bí ọmọ ẹyẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn tó láti ronú sí. Ọmọ ẹyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ kò tí ì hù tán, tó ń gbọ̀n, tí orí rẹ̀ rí wúruwùru: bí ara àwọn ọmọ ti rí nìyẹn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ẹkún nínú ilé. Ànábì ránṣẹ́ pe onígbàjámọ̀, ó ní kí ó fá orí wọn. Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé ìbànújẹ́ kò jẹ́ kí ìyá wọn ráyè tọ́jú irun wọn. Ó sọ fún wọn pé Abdullah jọ òun ní ìrísí àti ní ìwà, ó gbàdúrà fún wọn, ó sì fi ọkàn ìyá wọn balẹ̀ pé òun ni alágbàtọ́ wọn láyé àti lọ́run.

Abdullah yìí kan náà ló sọ ìtàn ràkúnmí. Ànábì gbé e sẹ́yìn lórí ohun tó ń gùn, wọ́n sì wọ ọgbà ará Mẹ́dínà kan. Ràkúnmí kan wà níbẹ̀. Bí ó ti rí Ànábì ló kérora, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ànábì lọ bá a, ó fọwọ́ pa á lórí títí ó fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló bèèrè olówó rẹ̀, ó sì bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí pé ó ń fi ebi pa ẹranko yìí, ó sì ń ṣe é níṣẹ̀ẹ́. Ọmọdé ló wà níbẹ̀ tó ń wò, tí kò sì gbàgbé. Ó rí ẹranko tó ń jìyà, ó sì rí ọwọ́ àgbà tó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Àwọn ìtàn mìíràn tún wà. Anas ní àbúrò kékeré kan, Abu Umayr, tí ẹyẹ rẹ̀ kú. Ànábì rí ojú ọmọ náà pé inú rẹ̀ bàjẹ́, ó sì jókòó tì í, ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ ẹyẹ. Kò ní ẹyẹ lásán ni. Bí ó bá sì ń kírun tó gbọ́ ẹkún ọmọ lẹ́yìn, á gé ìrun náà kúrú, nítorí ó mọ bí ẹkún yẹn ṣe ń gún ìyá ọmọ náà lọ́kàn. Ní ti ẹran, ó kọ̀ fún ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ lójú ẹran tó fẹ́ pa.

OHUN TÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ RÍ LẸ́YÌN NÁÀ

Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ irú nǹkan báyìí sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ni Charles Darwin. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò fara mọ́ ohun tó sọ nípa ìṣẹ̀dá ènìyàn, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ẹni tó mọ bí a ti í wo nǹkan. Ní ọdún 1872, ó ṣe ìwé kan jáde lórí bí ènìyàn àti ẹranko ṣe ń fi ohun tó wà nínú wọn hàn lójú àti lára. Ní 1877 ló tẹ àkọsílẹ̀ tó ti ṣe nípa William, àkọ́bí rẹ̀, tí wọ́n bí ní December 1839. Ó ní nígbà tí ọmọ náà pé oṣù mẹ́fà àti ọjọ́ mọ́kànlá, alágbàtọ́ rẹ̀ ṣe bí ẹni ń sunkún. Ojú ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì, ìgun ẹnu rẹ̀ sì wálẹ̀. Nígbà tó pé ọdún méjì lé díẹ̀, bàbá rẹ̀ mú un lọ sí ọgbà ẹranko. Inú rẹ̀ dùn sí àgbọ̀nrín àti àwọn ẹyẹ, títí kan ògòǹgò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹranko ńlá inú àgò, ẹ̀rù bà á gan-an.

Ní 1971, Marvin Simner ní Amẹ́ríkà gba ohùn ẹkún ọmọ tuntun sílẹ̀, ó sì ń lù ú fún àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Àwọn ọmọ náà ń sunkún ju bí wọ́n ṣe ń sunkún lọ nígbà tí wọ́n gbọ́ ariwo lásán tó ròkè bákan náà. Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ tí ọmọ bá ti dé ayé ni ẹkún ẹlòmíràn ti ń wọ̀ ọ́ lára.

Ẹranko pàápàá ń kọ́ ìbẹ̀rù lára òbí wọn. Ní 1984, Susan Mineka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ejò síwájú àwọn ọmọ ọ̀bọ tí wọ́n bí sínú ilé ìwádìí. Wọn kò bẹ̀rù rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n rí bí òbí wọn, tí wọ́n mú láti inú igbó, ṣe ń bẹ̀rù ejò, márùn-ún nínú mẹ́fà ló di ẹlẹ́rù ejò. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ̀rù yẹn kò dínkù.

OJÚ ÌYÁ NÍGBÀ OGUN

Láti September 1940 di May 1941, Jámánì ń rọ̀jò bọ́ǹbù lé London lórí. Anna Freud àti Dorothy Burlingham ní ilé ìtọ́jú ọmọdé níbẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé kan tó jáde ní 1943. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ kékeré tó wà lọ́dọ̀ ìyá tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ń sùn, wọ́n sì ń jẹun, bí bọ́ǹbù tilẹ̀ ń dún. Ìyá tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ọmọ rẹ̀ náà a máa gbọ̀n. Wọ́n sọ̀rọ̀ obìnrin kan tí kì í lè sùn bí fèrè ìkìlọ̀ bá ti dún. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí tí yóò máa gbọ̀n, á sì jí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, á wọṣọ fún un, á ní kí ó di òun lọ́wọ́ mú kí àwọn jọ dúró. Ọmọ náà di ẹni tí àyà rẹ̀ ń já sí gbogbo nǹkan, ó sì ń tọ̀ sórí ẹní.

Ní 1985, James Sorce àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà láìsí ogun. Wọ́n gbé ọmọ ọdún kan sórí tábìlì tí dígí bo ojú rẹ̀, tí ó wá dà bí ẹni pé kòtò kékeré wà láàárín. Ìyá dúró ní òdìkejì. Bí ọmọ bá dé etí kòtò, á gbójú sókè wo ojú ìyá rẹ̀. Ọmọ 17 rí ojú ìyá tó kún fún ẹ̀rù: kò sí ẹyọ kan tó kọjá. Ọmọ 19 rí ojú ìyá tó ń rẹ́rìn-ín: 14 nínú wọn ló kọjá. Kòtò kan náà ni, dígí kan náà ni. Ojú ìyá nìkan ló yàtọ̀.

Ẹnìkan lè wá sọ pé, "Ó dára, èmi yóò máa fi ojú mi pamọ́." Èyí kò tọ̀nà. Ní 1978, Edward Tronick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn ìyá máa bá ọmọ ọwọ́ wọn ṣeré, kí wọ́n sì sọ ojú wọn di ojú ère lójijì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, láìrẹ́rìn-ín, láìfajúro. Àwọn ọmọ gbìyànjú láti fa ojú ìyá wọn mọ́ra. Nígbà tí kò ṣeé ṣe, wọ́n yíjú kúrò, ìdààmú sì hàn lára wọn. Ní 2014, Sara Waters àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ ìyá 69 tí ọmọ wọn jẹ́ oṣù 12 sí 14. Wọ́n mú ìyá lọ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn tó ń fajúro sí i, ọmọ kò sì sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ padà lé e lọ́wọ́, kò pẹ́ tí lílù àyà ọmọ náà fi ń tẹ̀lé ti ìyá rẹ̀. Ohun tí ọmọ kò rí, tí kò gbọ́, ara ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fún un.

ALẸ́ ỌJỌ́ ÀÌKÚ KAN NÍ ÈKÓ

Ní ìlú tiwa níhìn-ín, ọjọ́ kan wà tí kò yẹ kí á gbàgbé: ọjọ́ Àìkú, 27 January 2002. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, iná ràn dé ilé tí wọ́n ń kó bọ́ǹbù sí ní bárékè ológun Ìkẹjà. Ìbúgbàù bẹ̀rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ilẹ̀ ń mì, dígí ń fọ́, ojú ọ̀run pọ́n. Ọ̀pọ̀ kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan rò pé ológun tún fẹ́ gbàjọba, nítorí ìlú kò tí ì pé ọdún mẹ́ta lábẹ́ ìjọba alágbádá. Ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn kúrò nílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sá forí lé ìhà Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò, wọ́n sì dé odò Òkè-Àfà nínú òkùnkùn. Ewé ti bo ojú omi náà bí ẹní, àwọn tó wà níwájú rò pé ilẹ̀ ni. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń tì wọ́n. Iye àwọn tó kú lọ́jọ́ náà lé ní 1,000, púpọ̀ nínú wọn ló kú sínú omi, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ọ̀pọ̀ sí, tí ìjọba sì mọ ọwọ̀n ìrántí sí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó yè ni kò rí òbí wọn fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí ọwọ́ já kúrò lọ́wọ́ nínú èrò.

Bọ́ǹbù kò jìn dé Òkè-Àfà. Ìbẹ̀rù ló gbé àwọn ènìyàn débẹ̀. Kò sí ẹni tó lè dá òbí kankan lẹ́bi fún alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí ilẹ̀ bá ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gbé ọmọ rẹ̀, yóò sì sá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ náà láti ọ̀dọ̀ ọmọdé. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò mọ ohun tí ń jẹ́ bọ́ǹbù. Ohun tó mọ̀ ni pé ojú ìyá rẹ̀ ti yí padà, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ń gbọ̀n, gbogbo àdúgbò ń ké. Ara rẹ̀ gba gbogbo rẹ̀ wọlé. Ní Ọ̀jọ́ níbí, tí bárékè ológun tiwa náà wà lẹ́bàá ọ̀nà Badagry, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju ti àwọn mìíràn lọ.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Ìtàn tí a ti kà yìí ń kọ́ wa ní ohun kan: a kò lè fi ohun tó wà lọ́kàn wa pamọ́ fún ara ọmọdé, kò sì sí ẹni tó ní kí á fi pamọ́. Omijé àgbà kọ́ ló ń ba ọmọ jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí ó rí omijé, kí ó má rí ọwọ́ tí yóò dì í mú, kí ó má sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ànábì sunkún lórí àwọn ọmọ Jaʼfar, ó sì tún fá orí wọn.

Nítorí náà, bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ nílé, ẹ má ṣe lé ọmọ síta kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ pè é mọ́ra, ẹ fi ọ̀rọ̀ kúkúrú sọ fún un pé bàbá àgbà ti padà sọ́dọ̀ Ọlọ́hun, inú wa bàjẹ́, ṣùgbọ́n a wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ gbé oúnjẹ lọ, kí ẹ sì wo irun àti aṣọ àwọn ọmọ ilé náà.

Bí ariwo bá bẹ́ sílẹ̀ lóru, ẹ kọ́kọ́ gbá ọmọ mọ́ àyà, ẹ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn. Kí gbogbo ilé ti mọ ibi kan tí wọn yóò ti pàdé bí wọ́n bá pínyà, kí ọmọ sì mọ orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ ní pípé, kì í ṣe "Dádì" àti "Mọ́mì" nìkan.

Bí tọkọtaya bá ń jà, kí wọ́n rántí pé ẹnìkẹta wà nínú yàrá tí inú yóò run ún lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi èyí ṣe àwáwí: inú rírun tó ń padà wá, tàbí èyí tí ibà bá tẹ̀ lé, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe kí ẹ ní ẹ̀rù ló ń bà á.

Ní ti Iléyá, ẹ má ṣe fi ipá mú ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n dúró níwájú ẹran, ẹ má sì pè é ní ojo. Ẹ ṣàlàyé fún un tẹ́lẹ̀, nígbà tí àgbò ṣì ń jẹ ewé, pé orúkọ Ọlọ́hun ni a ó fi pa á, pé a kò ní jẹ́ kí ó rí ọ̀bẹ, pé àwọn aláìní yóò jẹ nínú rẹ̀. Ọmọ tó ń káàánú àgbò kò ṣe àìgbọràn sí Ọlọ́hun. Àánú tí Ànábì ní sí ràkúnmí náà ló ń hù nínú rẹ̀; ẹ bomi rin ín.

Kí Ọlọ́hun fi ọkàn àwọn ọmọ wa balẹ̀, kí ó dáríji àwọn tó kú ní Òkè-Àfà, kí ó sì fi sùúrù sí àyà àwa tí ọmọ ń gbójú wò. Àmín.